Àwọn Tó Bá Ọ̀fun Wọn Jà

Ní òpópónà St. James's ní ìlú Lọ́ńdọ̀n, níbi tí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń rìn gbẹ̀fẹ́ láyé ijọ́un, ilé ìtajà kan wà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1698, tí ó sì wà níbẹ̀ títí di òní olónìí, tí ọjà rẹ̀ látijọ́ jẹ́ kọfí àti ọtí wáìnì. Òṣùwọ̀n ńlá kan ń bẹ nínú ilé náà, èyí tí wọ́n fi ń wọn àpò kọfí. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1765 ni àwọn oníbàárà tí wọ́n jẹ́ èèkàn láwùjọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí òṣùwọ̀n náà fúnra wọn, tí akọ̀wé yóò sì kọ orúkọ olúkúlùkù, ọjọ́ tí ó wá, àti bí ó ti wúwo tó, sínú ìwé ńlá aláwọ kan. Ìwé náà kò parun. Ẹni tí ó bá fẹ́ pìtàn àṣà kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ du ọ̀fun ara rẹ̀ ní oúnjẹ kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́, kò burú bí ó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ara sísan ti kúrò ní ohun tí ẹnìkan ń rò nínú yàrá, tí ó di ohun tí ẹlòmíràn ń kọ sílẹ̀ lójú onítọ̀hún.

Orúkọ Lord Byron wà nínú ìwé yìí, akéwì tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ọdún 1806, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, 194 pọ́n-ùn ni ó wọn. Kí ọdún márùn-ún tó yí po, ohun tí ó ju 50 pọ́n-ùn lọ ti kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà kì í ṣe ọ̀nà tí èmi yóò júwe fún ọmọ ọlọ́mọ. Bísíkíìtì gbígbẹ àti omi sódà ni ó ń jẹ, tàbí ànàmọ́ òyìnbó tí ó rẹ sínú ọtí kíkan. Aṣọ onírun ni ó ń wọ̀ lé ara wọn lórí kí òógùn baà lè máa ṣàn lára rẹ̀. Nígbà tí ebi bá sì ti bá a jà títí tí apá rẹ̀ kò ká a mọ́, a jókòó ti oúnjẹ, a sì jẹ ẹ́ bí ẹni tí ń gbẹ̀san. Ìnira pọ̀ nínú rẹ̀, ìfọ̀kànbalẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹwà ni Byron ń lé, òun nìkan ni ó sì ń lé e, láìsí ẹni tí yóò sọ fún un pé ó tó.

Lójú àwọn baba ńlá wa, irú ìdààmú báyìí ìbá jọ ti ẹni tí ayé sú. Ara tí ó kún, tí ó ń dán, ni ẹ̀rí pé ọkọ ń tọ́jú aya, pé oko so, pé ọlà wọlé. Ẹni tí ó bá sì rù lójijì, ojú àánú ni gbogbo agbo ilé fi ń wò ó, tí wọn a máa bi í léèrè ohun tí ń ṣe é. Síbẹ̀, kò sí ìgbà kan tí Yorùbá fi oúnjẹ jọba. Àwọn náà ni wọ́n sọ pé ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run, àwọn náà ni wọ́n sọ ẹni tí kò mọ ìgbà tí ó yó ní wọ̀bìà, àwọn náà ni wọ́n sì sọ pé àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nítorí náà, bí ìtàn tí mo ń sọ yìí tilẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ òkèèrè, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí etí wa.

Kí a tó bí Byron rárá ni àwọn kan ti gbé ìjà ko ọ̀fun wọn. Luigi Cornaro, ọlọ́lá kan láti ìlú Venice tí ó fi Padua ṣe ibùgbé, ti fi àjẹkì àti àmupara ba ara rẹ̀ jẹ́ kí ó tó pé ẹni ogójì ọdún, débi pé àwọn oníṣègùn sọ fún un pé bí kò bá yí ìwà padà, ikú ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó yí i padà. Áúnsì 12 oúnjẹ àti áúnsì 14 ọtí wáìnì ni ó fi mọ fún ara rẹ̀ lóòjọ́, ó sì di ìwọ̀n náà mú fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún títí tí ó fi darúgbó kùjọ́kùjọ́. Ní ọdún 1558 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí ìgbé-ayé ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, nínú èyí tí ó ti sọ bí àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ ti rọ̀ ọ́ pé oúnjẹ rẹ̀ kéré jù fún àgbàlagbà, pé kí ó fi díẹ̀ kún un. Ó fi áúnsì méjì kún oúnjẹ, ó fi méjì kún ọtí, kò sì pẹ́ tí àìsàn fi gbé e dè fún ọjọ́ márùndínlógójì. Ẹ jẹ́ kí á fi ọwọ́ mú ibẹ̀ yẹn ná: kì í ṣe ọ̀tá ni ó bu oúnjẹ kún abọ́ Cornaro, àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni.

George Cheyne tí ó tẹ̀lé e ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn náà, dókítà ni, ará Scotland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Bath. Ìjókòó ilé ọtí pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ní Lọ́ńdọ̀n ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ó ju 440 pọ́n-ùn lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ìránṣẹ́ fi ń gbé àpótí ìjókòó tẹ̀lé e lẹ́yìn, kí ó lè sinmi lẹ́yìn ìṣísẹ̀ díẹ̀. Wàrà àti ewébẹ̀ ni ó fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó rù, nígbà tí ó padà sí ẹran àti ọtí, ó tún sanra, ó tún padà sí wàrà. Gbogbo lílọ-bíbọ̀ yìí ni ó kọ sínú ìwé ní ọdún 1733, kò fi ọ̀kan pamọ́, mo sì ka ìyẹn sí akin, nítorí pé ìṣubú ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ó máa ń ti ènìyàn lójú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ àṣà yìí di ti gbogbo ènìyàn, tí mẹ̀kúnnù fi mọ̀ ọ́n bí ọlọ́lá ti mọ̀ ọ́n, William Banting ni, oníṣẹ́ ìsìnkú. Ní òpópónà St. James's kan náà yẹn ni ilé-iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ wà, ilé-iṣẹ́ tí ààfin fi ọwọ́ sí, tí ó ṣe ètò ìsìnkú Ọba George Kẹta ní ọdún 1820, ti Ọba George Kẹrin ní 1830, ti Duke ti Wellington ní 1852, àti ti Prince Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, ní 1861. Banting kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe wọ̀bìà. Kò sí ẹni tí ó sanra nínú ìdílé baba rẹ̀ tàbí ti ìyá rẹ̀. Kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íńṣì 5 lọ, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 1862, nígbà tí ó ń lọ sí ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, 202 pọ́n-ùn ni ó wọn.

Ẹ wo ọkùnrin yìí lórí àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀. Kò lè kọjú síwájú sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ aráyé ti ń sọ̀, nítorí pé gbogbo ẹrù ara rẹ̀ ni yóò bọ́ lé orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ó fi ń sọ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí okùn bàtà rẹ̀ bá tú, kò lè bẹ̀rẹ̀ so ó. Bí ó bá gun òkè díẹ̀, mímí hẹlẹhẹlẹ ni. Bí ó bá wọ ọkọ̀ èrò, tàbí tí ó dé ibi tí ènìyàn pọ̀ sí, yóò gbọ́ bí àwọn aláìlójútì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún àwùjọ. Ẹni tí bàtà ń ta ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta òun lẹ́sẹ̀, ọkùnrin tí ó ti sin ọba méjì sì ń fi ìtìjú gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kọjá.

Kì í ṣe pé ó káwọ́ lẹ́rán. Ó ju ogún ọdún lọ tí ó ti ń ti ọ̀dọ̀ dókítà kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn. Ọ̀kan ní kí ó máa ṣe eré ìdárayá. Banting ń wa ọkọ̀ ojú omi fún wákàtí méjì ní òwúrọ̀ kùtù. Apá rẹ̀ le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ebi tí ó ń pa á lẹ́yìn rẹ̀ le ju apá lọ, ó sì ń sanra sí i. Ó wẹ̀ nínú òkun, ó gun ẹṣin, ó lọ mu omi ìwòsàn ní Leamington, ní Cheltenham àti ní Harrogate, ó mu oògùn olómi lóríṣiríṣi. Ó lọ sí ilé ìwẹ̀ olóoru irú ti àwọn ará Tọ́kì ní ìgbà bí àádọ́ta, pọ́n-ùn mẹ́fà péré ni ó rí sọ nù níbẹ̀. A sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Apá, ẹsẹ̀ àti awọ ara ni gbogbo àwọn oníṣègùn wọ̀nyí ń wò; kò sí ẹni tí ó wo inú àwo.

Etí ni ó la ọ̀nà fún un. Nígbà tí etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di díẹ̀díẹ̀, ó tọ William Harvey lọ, dókítà etí kan ní Soho Square. Harvey ti lọ sí ìlú Paris, ó sì ti gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Claude Bernard lórí àtọ̀gbẹ àti lórí iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe pẹ̀lú ṣúgà nínú ara. Bí ó ti yẹ Banting wò, ó sọ pé ọ̀rá ni ó ń fún etí rẹ̀ pa. Ohun mẹ́fà ni ó kà sílẹ̀ fún un pé kí ó jìnnà sí: búrẹ́dì, bọ́tà, wàrà, ṣúgà, bíà àti ànàmọ́ òyìnbó.

Ó rọrùn láti ka ohun mẹ́fà lórí ìka, ṣùgbọ́n orí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gan-an ni ọkùnrin yìí ti ń jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀: búrẹ́dì àti wàrà ní òwúrọ̀, tàbí tíì tí wàrà àti ṣúgà kún inú rẹ̀ dẹ́nu pẹ̀lú búrẹ́dì yíyan tí a fi bọ́tà pa lára, ẹran, bíà àti búrẹ́dì púpọ̀ ní ọ̀sán, ìpápánu oníyẹ̀fun tí a fi èso sí nínú ní alẹ́. Ọmọ Yorùbá tí a bá ní kí ó fi iyán, ẹ̀bà, dòdò àti ẹmu sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni yóò mọ ohun tí a ní kí Banting yọ̀ǹda. Ẹran tàbí ẹja ní ìwọ̀n áúnsì mẹ́rin, márùn-ún, ewébẹ̀, èso díẹ̀, búrẹ́dì yíyan gbígbẹ tí kò ju áúnsì kan lọ, tíì tí kò ní wàrà, tí kò ní ṣúgà: ìwọ̀nyí ni ó kù fún un, pẹ̀lú ọtí wáìnì tí ó pọ̀ ju èyí tí dókítà òde òní yóò gbà lọ. Ní ti ọtí yẹn, èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Nígbà tí ó kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n lẹ́yìn náà, 200 ni. Pọ́n-ùn méjì péré. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró sí díẹ̀, nítorí pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yà kúrò lọ́nà. Kí ènìyàn mú ẹnu kúrò nínú ohun tí ó fẹ́ràn jù lọ, kí ó sì jẹ́ pé èrè rẹ̀ kò ju ohun tí ó lè bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà rẹ̀ lọ! Banting kò yà. Ó kọ 200 sílẹ̀ bí ó ti rí i, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, 197. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá, 193. Nígbà tí ọ̀la yóò jẹ́ Kérésìmesì, 184. Àjọ̀dún tí gbogbo Lọ́ńdọ̀n fi ń jẹ, tí wọ́n fi ń mu, kò tú u nídìí: ní ọjọ́ 14 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1863, 182. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ, pọ́n-ùn méjì, pọ́n-ùn mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, kò tilẹ̀ sí ìgbà kan tí ó ju mẹ́rin lọ, díẹ̀díẹ̀ tí imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, títí di ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, nígbà tí òṣùwọ̀n sọ 156. Pọ́n-ùn 46 ti lọ. Ìbàdí rẹ̀ sì ti fi íńṣì 12 àti díẹ̀ dín kù. Ó ń kọjú síwájú sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà rẹ̀, etí rẹ̀ sì ti là.

Ohun tí ó ṣe nípa rẹ̀ ni ó mú kí orúkọ rẹ̀ wọ inú ìtàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1863, nígbà tí iṣẹ́ náà kò tíì parí pàápàá, ó kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó pè ní Letter on Corpulence, ó fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá lóòrùn, ṣùgbọ́n Banting sá tirẹ̀: ìtìjú orí àtẹ̀gùn, yẹ̀yẹ́ inú ọkọ̀, ohun tí ó jẹ, ohun tí ó mu, àti ìwọ̀n rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Nígbà tí ìwé náà dé orí títà, ẹ̀dà tí wọ́n tà ju 60,000 lọ, ó sì fi èrè rẹ̀ ṣe ìtọrẹ àánú. Àwọn dókítà bínú. Wọ́n ní kí ni oníṣẹ́ pósí mọ̀ nípa ara ẹni tí ó wà láàyè. Ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn nà án lẹ́gba ọ̀rọ̀, Harvey pàápàá sì gbà nínú ẹ̀gbin náà kí òun náà tó kọ ìwé tirẹ̀ ní 1872. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ń wọlé tọ Banting wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ara ń ni, ó sì ń dáhùn wọn.

Lójú tèmi, lẹ́tà wọ̀nyí wà lára ohun tí ó gbé e ró. Àwọn tí ń kọ̀wé nípa oúnjẹ Banting máa ń jiyàn lórí búrẹ́dì àti ẹran, wọn kì í sì í wo ìyókù: pé ọkùnrin náà ti kọ 156 síwájú gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí bí yóò ti rọra yọ́ padà sí 202 láìjẹ́ pé ojú gbogbo ayé rí i. Byron ní òṣùwọ̀n, kò ní ẹlẹ́rìí. Banting ní méjèèjì. Ó kú ní ọdún 1878, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti ń pọ̀. Ní ọdún 1918, nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ń lọ lọ́wọ́, dókítà obìnrin kan ní Los Angeles, Lulu Hunt Peters, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ 70 pọ́n-ùn nù, kọ ìwé tí ó fi kọ́ àwọn obìnrin Amẹ́ríkà láti máa ka kálórì bí a ti ń ka owó ọjà. Ó so ìjẹkúdíẹ̀ pọ̀ mọ́ ìfẹ́ ìlú: oúnjẹ tí o kò bá jẹ, ọmọ tí ebi ń pa yóò rí i jẹ. Ìdí tí ó dára ni, nítorí pé ènìyàn a máa fara da ebi tí ó mọ ohun tí ó wà fún ju èyí tí kò mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ogun parí, ìdí náà sì tán. Ní ọdún 1948, ní ìlú Milwaukee, Esther Manz kó àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta jọ nínú ilé ìdáná rẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tí a ń pè ní TOPS sílẹ̀, kí olúkúlùkù máa gbé ẹnìkejì ró. Ibẹ̀ ni irúgbìn ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti hù. Ibi tí ó ti di igi ńlá ni ìlú New York.

Jean Nidetch ni orúkọ obìnrin tí ó gbìn ín síbẹ̀. Brooklyn ni a bí i sí ní ọdún 1923. Ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì. Ní ọdún 1961, 214 pọ́n-ùn ni ó wọn. Ní ọjọ́ kan nínú ilé ìtajà ńlá kan, ó pàdé obìnrin ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan tí ó kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà pé ara rẹ̀ dán, tí ó sì bi í léèrè pé oṣù wo ni ó máa bímọ. Jean kò lóyún. Obìnrin náà kò ní i lọ́kàn láti bú u, èyí ni ó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà gún un jinlẹ̀ ju èébú lọ. Ó gba ilé ìwòsàn ìjọba ìlú New York lọ, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ó sanra jù, wọ́n sì fún un ní ìwé oúnjẹ tí Dókítà Norman Jolliffe là sílẹ̀.

Ìwé oúnjẹ náà dára. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, Jean ti sọ nǹkan bí 20 pọ́n-ùn nù. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwẹ̀ rẹ̀, nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí, ó ní páálí bísíkíìtì oníṣokoléètì tí ó fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Nígbà tí gbogbo ilé bá sì ti sùn, a dìde lọ síbẹ̀, a ti ilẹ̀kùn mọ́ra, a sì jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ tí ó bá padà sí ilé ìwòsàn, obìnrin tí ń ṣe àkóso ibẹ̀ yóò bi í léèrè ìdí tí kò fi rù tó bí ó ti yẹ, Jean yóò sì sọ pé òun kò mọ̀. Mo gbàgbọ́ pé gbogbo ìtàn àṣà yìí wà nínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ yẹn. Obìnrin yìí mọ ohun tí ó yẹ kí ó jẹ. A ti kọ ọ́ sínú ìwé lé e lọ́wọ́. Ó fẹ́ rù tọkàntọkàn. Ohun tí kò ní ni ẹni tí ó lè jẹ́wọ́ bísíkíìtì fún tí kò ní fi ojú ọ̀daràn wò ó.

Ó pe ọ̀rẹ́ mẹ́fà wá sí ilé rẹ̀ ní Queens, àwọn obìnrin tí wọ́n sanra bíi tirẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ fún wọn. Kò pẹ́ tí àwọn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tí olúkúlùkù ń fi tirẹ̀ pamọ́ sí. Wọ́n fi ìpàdé sí ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀, èkejì mú ẹ̀kẹta wá, ẹ̀kẹta mú ẹ̀kẹrin wá, kí oṣù méjì tó pé, bí ogójì obìnrin ni ó ń pé jọ. Àìrìn pọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà; àwọn obìnrin wọ̀nyí rìn pọ̀. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1962, Jean Nidetch wọn 142 pọ́n-ùn: 72 ti lọ. Ọkọ rẹ̀ náà rù, ìyá rẹ̀ náà rù.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1963, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ oníṣòwò aṣọ kan, Al Lippert, àti ìyàwó rẹ̀ Felice, wọ́n fi ìpàdé náà ṣe ilé-iṣẹ́, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Weight Watchers. Yàrá kan lókè ilé sinimá ní Little Neck ni wọ́n gbà. Ìjókòó àádọ́ta ni wọ́n tò, àwọn tí ó dé sì tó 400. Òfin wọn kò rọ̀: ẹja ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, ẹ̀dọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, wàrà tí a ti yọ ọ̀rá rẹ̀, kò sí ohun dídùn, kò sí ọtí. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná, wọn kò sì fi ìgbóná yìí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù yóò gun òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó bá rù, wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tí kò bá rù, yóò sọ ohun tí ó bá a, àwọn tí ohun kan náà ti bá rí yóò sì dá a lóhùn.

Èyí ni ó yàtọ̀ sí ti Banting. Banting kọ lẹ́tà sí gbogbo ènìyàn nígbà tí ó ti rí iṣẹ́gun ní ọ̀ọ́kán. Àwọn obìnrin Queens ń sọ̀rọ̀ síta nígbà tí ìjà ṣì gbóná, nígbà tí bísíkíìtì ṣì wà lábẹ́ aṣọ. Ní ọdún 1973, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà pé ọdún mẹ́wàá, ènìyàn tí ó ju 15,000 lọ ni ó kún gbọ̀ngàn Madison Square Garden. Ní 1978, ilé-iṣẹ́ Heinz rà á ní nǹkan bí mílíọ̀nù 71 dọ́là. Àwọn kan sọ pé owó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ láti ìgbà náà, pé oúnjẹ inú páálí gba ipò ìjẹ́wọ́; òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Jean Nidetch fúnra rẹ̀ kò padà sí 214 mọ́ títí ó fi kú ní Florida ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.

Ní ayé ìsinsìnyí, abẹ́rẹ́ ti dé, irú Ozempic àti Wegovy, tí ń pa ebi láti inú ọpọlọ àti ikùn wá, ọ̀pọ̀ sì ti sọ ìpàdé di ohun àtijọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ tí Jean dá sílẹ̀ gba ilé ẹjọ́ lọ láti bọ́ lọ́wọ́ gbèsè tí ó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Èmi kò bá oògùn jà. Ìtura ni fún ẹni tí àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ń lé. Ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn pé àwọn tí ó bá dá abẹ́rẹ́ náà dúró, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ nù ni ó ń padà sára wọn láàárín ọdún kan, bí ó ti padà sára Cheyne. Ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ bá tán, àwo oúnjẹ àti àwọn tí ó yí i ká ni yóò kù.

Àwọn tí ó yí i ká wọ̀nyí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ìfẹ́ tí ó gbé Cornaro dè lórí ibùsùn fún ọjọ́ márùndínlógójì wà nílé wa ní Ìbàdàn, ó wà lóde ìnáwó ọjọ́ Sátidé ní Peckham àti ní Houston, ó sì ń wọ aṣọ ọ̀wọ̀ àti àlejò ṣíṣe, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ní òun kò jẹ yóò dà bí ẹni tí ó kọ ilé. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ọwọ́ yín wà lára ìpọn: bí ọmọ yín tàbí àbúrò yín bá sọ pé òkèlè mẹ́ta tó òun, ẹ má bínú, ẹ má sì bu ìkẹrin fún un. Bí ó bá ń rù, ẹ má kọ́kọ́ béèrè àìsàn. Ẹ bi í léèrè iye tí òṣùwọ̀n sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, bí ó bá sì jẹ́ pọ́n-ùn méjì péré, ẹ bá a yọ̀ sí méjì náà.